Ẹni Tó Gbé Júù Pamọ́ Nínú Ìwé Ọmọdé

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Násì ti ilẹ̀ Jámánì àti àwọn tó gbè é lẹ́yìn pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 Júù ní Yúróòpù. Nínú wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 ló jẹ́ ọmọdé. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ sọ èyí fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ á há a lọ́fun. Bó bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ò ní lè sùn. Bó bá fi èyí tó pọ̀ bò mọ́lẹ̀, irọ́ ló pa yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń gbà yọ ni pé wọ́n á wá ẹnì kan tó ṣílẹ̀kùn fún Júù, tó gbé e pamọ́ sí àjà tàbí sábẹ́ pákó ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á sì fi ẹni náà ṣe òpó ìtàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn adóòlà ẹ̀mí fi pọ̀ nínú ìwé ọmọdé ju bí wọ́n ṣe pọ̀ lójú ayé lọ.

Ẹ wo iye wọn ná. Ilé ìrántí kan wà ní Jerúsálẹ́mù tó ń jẹ́ Yad Vashem. Láti ọdún 1963 ni ìgbìmọ̀ kan níbẹ̀ ti ń yẹ ìtàn àwọn tí kì í ṣe Júù wò, àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu torí Júù láìjẹ́ pé owó ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá dúró, wọ́n á fi oyè Olódodo Láàárín Àwọn Orílẹ̀-èdè dá a lọ́lá. Àwọn tó ti gba oyè náà lé ní 28,000. Pólàǹdì ló ní èyí tó pọ̀ jù, wọ́n lé ní 7,000 níbẹ̀. Holland tẹ̀ lé e, Faransé wá ṣìkẹta. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ló ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì kú láìsí ẹni tó gbọ́. Síbẹ̀, ẹ gbé 28,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù èèyàn tó wà nílẹ̀ tí Násì gbà, ẹ ó rí i pé ẹni tó ṣílẹ̀kùn ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó pọ̀ ni àwọn tó ti fèrèsé wọn pa, àti àwọn tó lọ tú àṣírí aládùúgbò. Ọmọ tó bá ka ìwé mẹ́fà, tí aládùúgbò rere sì wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ni yóò rò pé ó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù?

Ìwé tí ọ̀nà yìí hàn nínú rẹ̀ jù ni Number the Stars, tí Lois Lowry, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1989. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Newbery, tí kò sí èyí tó níyì tó o fún ìwé ọmọdé lọ́hùn-ún. Copenhagen, olú-ìlú Denmark, ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1943. Annemarie Johansen jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ Júù ni Ellen Rosen, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn ará Jámánì ń bọ̀ wá kó àwọn Júù, ilé àwọn Johansen ni Ellen wá sùn, wọ́n sì fi í pe Lise, ọmọbìnrin wọn tó ti kú. Lẹ́yìn náà ni ìyá Annemarie kó wọn lọ sí etíkun, lọ́dọ̀ Henrik ọmọ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ apẹja. Abẹ́ ọkọ̀ Henrik ni Ellen àti àwọn òbí rẹ̀ gbà sọdá sí Sweden.

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí Lowry yàn. Kí ló dé tó fi jẹ́ Denmark? Torí pé ibẹ̀ ni ìdóòlà ti kẹ́sẹ járí jù. Ọmọ Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn níbẹ̀, Georg Ferdinand Duckwitz, ló ta àwọn olóṣèlú Denmark lólobó ní September 28, 1943. Ní ọjọ́ kejì, nínú ìsìn àárọ̀, Rábì Marcus Melchior sọ fún ìjọ pé kí wọ́n má sùn sílé mọ́. Ní October 2, ìjọba Sweden kéde pé ẹni tó bá dé, àwọn á gbà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan bíi 7,200 Júù ti kọjá sí òdìkejì omi, àwọn ìbátan wọn bíi 700 tí kì í ṣe Júù sì bá wọn lọ. Omi náà ò fẹ̀: láti Helsingør sí Sweden kò ju nǹkan bíi kìlómítà 4 lọ. Nǹkan bíi 470 ni Násì rí mú, tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ Theresienstadt. Ẹ wá wo Holland. Nínú nǹkan bíi 140,000 Júù tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n pa lé ní 100,000. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí ìtàn òun dópin sí ayọ̀ láìpurọ́, Denmark ni yóò gbà lọ, Lowry náà sì gba ibẹ̀ lọ.

Ohun kejì ni ojú tí Lowry fi wo ìtàn. Kì í ṣe ojú Ellen, ojú Annemarie ni. Ọmọ tó ń kàwé á fi ara rẹ̀ sípò ẹni tó ń gbani là, kò ní fi sípò ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí ọkọ̀ Henrik ṣí, etíkun ni àwa àti Annemarie wà. A ò mọ bí abẹ́ pákó yẹn ṣe rí fún Ellen, bí ó ṣe ń gbọ́ ẹsẹ̀ ṣọ́jà lórí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ò mọ irú ayé tó lọ gbé ní Sweden. Ọ̀pọ̀ ìwé irú èyí ló gba ọ̀nà kan náà. Nínú Twenty and Ten tí Claire Huchet Bishop kọ lọ́dún 1952, ogún ọmọ iléèwé Faransé gbé ọmọ Júù mẹ́wàá pamọ́, wọ́n sì fi ọgbọ́n ọmọdé borí àwọn ṣọ́jà. Ogún yẹn ló ní ìtàn. Àwọn mẹ́wàá náà wà níbẹ̀ ṣáá ni, bí ẹrù tí wọ́n gbà pamọ́. Mi ò rò pé àwọn òǹkọ̀wé yìí ní èrò burúkú. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé fún kì í ṣe Júù, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ rí ara rẹ̀ nínú ẹni rere. Àmọ́ ohun tó ń tìdí ẹ̀ yọ ni pé ẹni tí ọ̀ràn dé bá gan-an di èrò ẹ̀yìn nínú ìtàn ara rẹ̀.

Ohun kẹta ni bí wọ́n ṣe ń fi àìmọ̀ ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ Lowry ti mọ́ jù. Ní ilé Henrik, wọ́n gbé pósí kan sí àárín yàrá, wọ́n ní ìyá àgbà Birte ló kú. Annemarie mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí àwọn. Ó bi Henrik léèrè, Henrik ò sì purọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò là á tán. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà wọlé lóru tí wọ́n ní kí wọ́n ṣí pósí, ìyá rẹ̀ ní àìsàn tífọ́ọ̀sì tó ń ràn ló pa òkú náà. Wọ́n fi pósí sílẹ̀. Aṣọ òtútù àti bùláńkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń sá lọ ló kún inú rẹ̀. Nínú ìtàn, ohun tí àgbà ò sọ fún Annemarie ń dáàbò bò ó: bí wọ́n bá mú un, kò ní ohun tó máa jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ yìí ń ṣe òǹkọ̀wé náà láǹfààní. Torí pé Annemarie ò mọ ibi tí wọ́n ń kó àwọn Júù lọ, kò di dandan kí ìwé náà gbé wa dé ibẹ̀. Kò sí ilé gáàsì nínú rẹ̀, kò sí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń kó èèyàn sí bí ẹran. Ọmọ tó ti mọ̀ á mọ ohun tí àwọn àgbà ń sá fún; ọmọ tí kò mọ̀ á ka ìtàn ìgboyà, á sì sùn.

Lẹ́yìn náà ni Lowry gbé ìtàn sórí eegun àlọ́. Annemarie gbọ́dọ̀ gba inú igbó kọjá ní ìdájí, kó gbé agbọ̀n oúnjẹ lọ fún Henrik, àwọn ṣọ́jà pẹ̀lú ajá sì dá a dúró lọ́nà. Ó ń sáré, ó ń pa àlọ́ ọmọbìnrin onífìlà pupa àti ìkookò fún ara rẹ̀ bó ṣe máa ń pa á fún Kirsti, àbúrò rẹ̀. Ọmọ tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ rí ti mọ̀ pé ọmọ tó gbé agbọ̀n lọ nínú igbó á délé. Aṣọ ìnujú kan wà nísàlẹ̀ agbọ̀n náà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ehoro àti kokéènì ra, kí imú ajá Násì lè kú nígbà tí wọ́n bá ń wá inú ọkọ̀. Lowry sọ ní ẹ̀yìn ìwé pé òun kọ́ ló hùmọ̀ rẹ̀, pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ìwé náà fò. Etíkun ibi tí Henrik ń gbé ni Gilleleje, ìlú gidi. Ní òru October 6 mọ́jú October 7, 1943, nǹkan bí 80 Júù ló sá pamọ́ sí àjà ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà, wọ́n ń retí ọkọ̀. Hans Juhl, ọ̀gá Gestapo (ọlọ́pàá inú ti Násì) ní agbègbè náà, rí wọn kó. Wọn ò sí nínú ìwé Lowry. Ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú ò sí níbẹ̀. Àwọn apẹja gidi gba owó ọkọ̀, nǹkan bíi 1,000 króònà lórí ẹnì kan. Ní ọjọ́ tí ìpayà pọ̀ jù, àwọn mìíràn gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tí kò ní, àwọn ará ìlú dá owó fún un. Ọkọ̀ apẹja ni oúnjẹ rẹ̀; bí Jámánì bá gbà á, ebi dé nìyẹn, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n gba owó. Ó kàn jẹ́ pé owó àti oore nínú ọkàn kan náà le fún ìwé ọmọdé láti gbé, ni Henrik bá di ẹni tí owó ò kọjá lọ́kàn rẹ̀ rárá.

Ẹ tún kíyè sí ẹni tó kú nínú ìtàn náà. Lise kú, Peter tó fẹ́ fi í ṣaya náà kú. Inú ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń bá Násì jà ni àwọn méjèèjì wà. Wọn kì í ṣe Júù. Gbogbo Júù tí ìwé náà mú wa mọ̀ ló gúnlẹ̀ sí Sweden láyọ̀. Ikú wà nínú ìtàn, àwọn adóòlà ẹ̀mí ló sì kó gbogbo rẹ̀ lérí. Bákan náà ni Rose Blanche, ìwé alàwòrán tí Roberto Innocenti yà lọ́dún 1985: ọmọbìnrin Jámánì tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ inú àgọ́ ni òǹkàwé ń sunkún fún nígbẹ̀yìn.

Ibi tí òtítọ́ pọ̀ sí nínú irú àwọn ìwé yìí ni ojú ìwé mẹ́ta mẹ́rin ìparí, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Lowry ṣe dáadáa níbẹ̀. Ó sọ èyí tó jẹ́ àròsọ àti èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó sọ nípa Kim Malthe-Bruun, ọmọ ọdún 21 tí Násì yìnbọn pa. Àmọ́ agbára àwòrán àti ti ọ̀rọ̀ ìparí kì í sábà dọ́gba. Ìtàn kan wà tó ti tàn káàkiri, pé Ọba Christian Kẹwàá ti Denmark so ìràwọ̀ ofeefee tí Násì fi ń dá Júù mọ̀ mọ́ àyà rẹ̀ kí àwọn Júù má baà dá nìkan so ó. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Násì ò fi ìgbà kankan ní kí Júù Denmark so ìràwọ̀, torí náà kò sí ìdí tí ọba fi máa so ó. Lọ́dún 2000, Carmen Agra Deedy fi ìtàn yìí ṣe ìwé alàwòrán, The Yellow Star. Ó kọ ọ́ sí iwájú ìwé pé ìtàn ìbílẹ̀ lásán ni, ó sì tún ṣàlàyé lẹ́yìn. Òótọ́ inú ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti rí ọba lórí ẹṣin pẹ̀lú ìràwọ̀ láyà rẹ̀, àwòrán tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀, kí ni lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn ìwé lè rí ṣe sí i? Èmi ò ní ra èyí fún ọmọ kéékèèké láìjókòó tì í.

Àbùkù tó wọ́pọ̀ ju àròsọ lọ ni pé wọ́n máa ń fi ẹnì kan ṣoṣo gba ògo iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Passage to Freedom tí Ken Mochizuki kọ, tí Dom Lee sì ya àwòrán rẹ̀ lọ́dún 1997, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára, torí pé ìwé dáadáa ni. Ó sọ ìtàn Chiune Sugihara, aṣojú ìjọba Jàpáànù ní Kaunas, ní ilẹ̀ Lithuania. Ní oṣù July 1940, àwọn Júù tó sá kúrò ní Pólàǹdì dúró gba-gà-dà sí ẹnu géètì rẹ̀, wọ́n fẹ́ físà. Ó wáyà sí Tokyo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní rárá lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ kọ físà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Orúkọ tó wà lójú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé ní 2,100. Hiroki, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, ni Mochizuki fi ìtàn sí lẹ́nu, Hiroki náà sì kọ ọ̀rọ̀ ìparí nígbà tó ti dàgbà. Ojú fèrèsé ni ọmọ náà ti ń wo èrò. Bàbá rẹ̀ pe ẹbí jọ, ó bi wọ́n bóyá kí òun ṣe é.

Ó wúni lórí. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí físà yẹn ṣe ṣiṣẹ́. Físà ìrékọjá ni: ẹni tó bá gbà á kàn lè gba Jàpáànù kọjá lọ síbòmíràn ni. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ. Ta ló fún wọn ní ibi tí wọ́n ń lọ? Jan Zwartendijk ni, ọkùnrin ará Holland tó ń tọ́jú òwò Philips ní Lithuania, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ aṣojú ìjọba Holland kún ti ọwọ́ rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sínú páásípọ́ọ̀tù wọn pé kò sí físà tí wọ́n nílò láti wọ Curaçao, erékùṣù Holland ní òkun Caribbean. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fo gbólóhùn tó sọ pé gómìnà erékùṣù náà ló lè gbà wọ́n láyè. Ó kọ ìwé bẹ́ẹ̀ fún èèyàn tó lé ní 2,000. Ta ló wá kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Curaçao tọ Zwartendijk lọ? Àwọn Júù fúnra wọn, lára wọn ni Nathan Gutwirth, ọmọ Holland tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìsìn Júù ní Lithuania. Zorach Warhaftig, agbẹjọ́rò tó sá kúrò ní Pólàǹdì, wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà náà kiri fún àwọn yòókù. Àwọn tó dúró sẹ́nu géètì nínú àwòrán Dom Lee, tí wọ́n na ọwọ́ bíi alágbe, àwọn kan nínú wọn ló hùmọ̀ ọ̀nà tí Sugihara fọwọ́ sí. Bí a bá fi wọ́n sínú ìtàn, Sugihara ò ní kéré sí i. Ìtàn á kàn ṣòro láti kó sínú ojú ìwé bí 32 tó jẹ́ ìwọ̀n ìwé alàwòrán, nítorí náà ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ gbé e. Yad Vashem dá Sugihara lọ́lá lọ́dún 1984. Ọdún 1997, ọdún tí ìwé yìí jáde gan-an, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Zwartendijk lọ́lá.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ Irena Sendler ní Warsaw. Láti ọdún 2011, ìwé alàwòrán nípa rẹ̀ ti tó mẹ́ta ní Amẹ́ríkà nìkan, ìgò sì wà nínú àkọlé méjì nínú wọn. Òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ni obìnrin yìí, tó ń kó ọmọ Júù jáde kúrò ní àdúgbò tí Násì mọ odi yí ká, tó ń kọ orúkọ wọn sórí bébà pẹlẹbẹ, tó sì ń fi í sínú ìgò rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi ápù kí wọ́n lè padà rí ẹbí wọn. Gestapo mú un ní October 1943, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. 2,500 ọmọ ni àwọn ìwé náà máa ń kà sí i lọ́rùn. Anna Bikont, oníròyìn ará Pólàǹdì, gbé ìwé ńlá kan jáde nípa rẹ̀ lọ́dún 2017, ó sì fi hàn pé iye yẹn ti pọ̀ jù, pé ẹgbẹ́ kan lódindi ló ṣe iṣẹ́ náà. Jadwiga Piotrowska wà níbẹ̀, Irena Schultz wà níbẹ̀. Nínú odi lọ́hùn-ún, Ala Gołąb-Grynberg, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ Júù, ló ń mú àwọn ọmọ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò yè. Ìgò kan lábẹ́ igi rọrùn láti yà. Ẹ̀wọ̀n èèyàn bí ogún tí olúkúlùkù wọn mọ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e nìkan ni kò rọrùn.

Fún àwọn òǹkàwé wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, ìwé kan wà tó lè wù wọ́n: The Grand Mosque of Paris, tí Karen Gray Ruelle àti Deborah Durland DeSaix ṣe lọ́dún 2009. Ó sọ bí Si Kaddour Benghabrit, olórí Mọ́sálásí Ńlá ìlú Paris, ṣe fún àwọn Júù ní ìwé ẹ̀rí pé Mùsùlùmí ni wọ́n. Ti Salim Halali, olórin tó jẹ́ Júù láti Algeria, ló lókìkí jù. Iye èèyàn tí wọ́n gbà là lápapọ̀ ni àwọn òpìtàn ò tíì fẹnu kò lé lórí. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye kankan búra.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ìwé kan ṣoṣo, The Upstairs Room ni màá mú. Johanna Reiss kọ ọ́ lọ́dún 1972, ìtàn ara rẹ̀ ni. Wọ́n bí i ní Winterswijk, ní Holland, lọ́dún 1932. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, òun, tí wọ́n ń pè ní Annie nínú ìwé náà, àti Sini ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fara pamọ́ sí yàrá òkè ní ilé àgbẹ̀ kan ní abúlé Usselo. Johan Oosterveld ni bàálé, Dientje ni ìyàwó rẹ̀, ìyá Johan tí wọ́n ń pè ní Opoe sì ń gbé pẹ̀lú wọn. Nínú ìwé yìí, ẹni tí wọ́n gbé pamọ́ ló ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ló ṣe rí àwọn adóòlà rẹ̀ ní tòótọ́, bí ọmọ ṣe máa ń rí àgbà tí wọ́n jọ ń gbé pẹ́.

Johan ń bú èébú. Ó fẹ́ràn kí wọ́n yìn ín, ó máa ń dúró kí wọ́n sọ pé ó gbọ́n. Ẹ̀rù ń ba Dientje lójoojúmọ́. Ìgbà mìíràn á ní kí àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ lọ síbòmíràn ná. Opoe ń jà, ó ń kọminú. Ìgbà kan wà tí àwọn ṣọ́jà Jámánì sọ ìsàlẹ̀ ilé náà di ọ́fíìsì wọn, tí Annie àti Sini sì wà lókè tí wọn ò gbọ́dọ̀ húkọ́. Sini ń kanra, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kò róòrùn, kò rí ojúgbà. Ẹsẹ̀ Annie ò lágbára mọ́ torí àìrìn. Wọ́n ní kó máa rìn yíká yàrá. Kò sí ajá Násì nínú igbó, kò sí agbọ̀n. Ohun tó wà níbẹ̀ ni òórùn ara, oúnjẹ kan náà, ọjọ́ tó gùn, àti àgbẹ̀ kan tó ń jáde lọ sóko láàárọ̀ tó mọ̀ pé bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ ní ọjà, gbogbo ilé òun ti parun. Reiss sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé èèyàn bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n ní ibi tí wọ́n dára sí, wọ́n ní ibi tí wọ́n kù sí. Àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà bínú sí ìwé náà torí èébú Johan. Èébú yẹn wà lára ohun tí mo fi gbà á gbọ́. Ọmọ tó bá ka Henrik á nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá ka Johan á mọ̀ pé ọkùnrin tó lè mú inú bí èèyàn nídìí tábìlì oúnjẹ lè jẹ́ ẹni tí kò ní fi èèyàn lé ìkà lọ́wọ́. Miep Gies tó gbé oúnjẹ fún ẹbí Anne Frank, ọmọ Júù tó fara pamọ́ ní Amsterdam, fún ohun tó lé ní ọdún méjì náà máa ń kọ̀ bí wọ́n bá pè é ní akọni. Ó ní bí àwọn ọmọ bá rò pé èèyàn àrà ọ̀tọ̀ ló ń ṣèrànwọ́, kò sẹ́ni tó máa ṣe é.

Ẹgbẹ́ kan wà tí àwọn ìwé yìí máa ń gbàgbé, ìyẹn àwọn Júù tó gba Júù là. Ara ohun tó fà á ni pé oyè Yad Vashem kì í kàn wọ́n. Ẹni tí kì í ṣe Júù nìkan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Nicholas Winton tó ṣètò bí 669 ọmọ ṣe kúrò ní Prague lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ kò lè gba oyè náà, torí pé ìran Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Peter Sís ṣe ìwé alàwòrán tó rẹwà nípa rẹ̀ lọ́dún 2021, Nicky & Vera, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: ó pín ìtàn sí méjì, ìdajì fún Winton, ìdajì fún Vera, ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó wọ ọkọ̀ ojú irin náà. Ọmọ náà ní orúkọ, ó ní ẹṣin, ó ní ológbò, ó ní ilé tó fi sílẹ̀ àti ìyá tí kò tún rí mọ́. Leda Schubert náà kọ Monsieur Marceau lọ́dún 2012, nípa Marcel Marceau, òṣèré tí kì í sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Ọmọ Júù ni, Násì pa bàbá rẹ̀ ní àgọ́ Auschwitz, òun fúnra rẹ̀ sì ran àwọn ọmọ Júù lọ́wọ́ láti sá wọ Switzerland.

Ó ku ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé yìí ti ń dákẹ́: ọjọ́ tí ogun parí. Nínú ìwé ọmọdé, ilẹ̀kùn á ṣí, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á máa dún, ìtàn á tán. Lójú ayé, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé pamọ́ ò mọ ìyá wọn mọ́, bí ìyá náà bá tilẹ̀ wà láàyè. Àwọn kan ti ń pe ẹni tó gbà wọ́n là ní ìyá. Àwọn kan ti ṣèrìbọmi. Ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Antoinette Brun tọ́jú Robert àti Gérald Finaly, ọmọ méjì tí Násì kó àwọn òbí wọn lọ sí Auschwitz lọ́dún 1944. Nígbà tí àwọn àǹtí wọn ní kó dá wọn padà, ó kọ̀. Ó mú kí wọ́n ṣèrìbọmi fún wọn lọ́dún 1948. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, àwọn fádà àti sísítà kan bá a gbé wọn sá lọ sí Spain. Ọdún 1953 ni wọ́n tó dá wọn padà fún àǹtí wọn ní Ísírẹ́lì. Obìnrin yìí gba ẹ̀mí wọn là, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìran wọn lọ́wọ́ wọn. Kò sí bí a ṣe lè ya èyí sí ojú ìwé 32.

Reiss gbìyànjú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́, ó kọ The Journey Back. Annie padà sí Winterswijk. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tí ogun ṣì ń lọ, bàbá rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn, obìnrin tó ní ìlànà fún bí wọ́n ṣe ń jókòó àti bí wọ́n ṣe ń jẹun, tí ìṣe ará oko tí Annie kọ́ ní Usselo sì ń bí nínú. Àárò Johan àti Dientje ń sọ ọmọ náà. Ẹni tó bá fi ìwé àkọ́kọ́ lé ọmọ lọ́wọ́, kó tètè wá èkejì kún un.